Ìlú Ńlá Inú Ilẹ̀ àbí Ìlú Etí Òkun: Ìbàdàn àti Àgbádárìgì fún Ìdílé Tó Ń Kó Kúrò ní Èkó

 

Ọ̀rọ̀ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé ni ìpinnu kan tó ti wọ ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó. Owó ilé ń gun òkè lọ́dọọdún, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń gba wákàtí tó yẹ kí òbí fi wà pẹ̀lú ọmọ, ìdílé sì pinnu pé àwọn fẹ́ kó kúrò. Àwọn kan kọjú sí àríwá, sí Ìbàdàn, ìlú ńlá tó jìnnà sí òkun. Àwọn mìíràn kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, sí Àgbádárìgì, ìlú etí ọ̀sà tí ìró òkun kò jìnnà sí. Ibi méjèèjì ṣeé gbé, èèyàn rere sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọ̀kan lè ṣe fún ìdílé yàtọ̀ sí ohun tí èkejì lè ṣe, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ náà kí ó tó kó ẹrù sínú ọkọ̀ lè ná owó ìkẹ́rù lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè àtijọ́

Ó ti pẹ́ tí àwọn ìdílé ti ń dúró ní etí omi Àgbádárìgì, tí wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ tàbí kí wọ́n wọ inú ilẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ sí Freetown, ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí, Abẹ́òkúta ni púpọ̀ nínú wọn sì forí lé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wàásù lábẹ́ igi Àgíà ní Àgbádárìgì. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, àwọn míṣọ́nnárì Samuel Ajayi Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó yẹ kó gbà wọ́n, ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ó lé ní ọdún kan ààbọ̀ tí Crowther fi wà ní Àgbádárìgì kí ó tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Níbẹ̀ ló ti rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Gollmer ní tirẹ̀ dúró sí etí omi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845, tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ṣì wà lórí ìdúró níbẹ̀ títí di òní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ yìí jù. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, òwò yà sí Èkó. Gollmer fúnra rẹ̀ kó ibùdó ìjọ lọ síbẹ̀ ní 1852. Láàárín ọdún díẹ̀, Àgbádárìgì tí gbogbo èèyàn ń gbà wọlé di ìlú tí wọ́n ń yà kọjá. Láti ìgbà náà, ibi tí òwò bá gbà ni nǹkan ti ń rọ̀ tàbí le fún àwọn ará Àgbádárìgì, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ṣe rí lọ́jọ́ òní.

Iṣẹ́ àti owó tó ń wọlé

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ìdílé wò láti òkèèrè ni orísun owó wọn.

Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, ó sì di olú ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tó yá. Ipò yẹn ló kó oríṣiríṣi iṣẹ́ jọ síbẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Ilé Ìwòsàn UCH ṣí ilẹ̀kùn ní 1957, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní 1959, Ilé Kòkó alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n parí ní 1965, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA dé ní 1967, Pólì Ìbàdàn sì dé ní 1970. Láti 1976 ni ìlú náà ti jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba sì kún Agodi. Kí a tún fi ọjà kún un: Bódìjà fún oúnjẹ tó ń wá láti Òkè-Ògùn, Gbági fún aṣọ, Òjé fún aṣọ òfì, Agbeni àti Dùgbẹ̀ fún ọjà oríṣiríṣi.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, bí iṣẹ́ ọkọ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà ṣì lè rí iṣẹ́ ní àdúgbò mìíràn láìkó kúrò nílé. Mẹkáníìkì tó bá já kulẹ̀ ní ìsọ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ mìíràn. Owó iṣẹ́ Ìbàdàn kì í sábà tó ti Èkó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdílé tó bá kó lọ síbẹ̀ ní ọ̀nà tó pọ̀ tí wọ́n lè gbà bí ètò àkọ́kọ́ bá yẹ̀. Èyí ni àǹfààní tó tóbi jù nínú gbogbo ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò kà.

Ní Àgbádárìgì, ẹja pípa, àgbọn, iṣẹ́ ìjọba díẹ̀, àwọn àlejò tó ń wá wo ọjà ẹrú Vlekete àti erékùṣù Gbẹrẹfú, àti òwò ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni iṣẹ́ pín sí. ASCON, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, wà ní Tòpó. Abúlé Èdè Faransé ti Nàìjíríà wà ní Àjárá láti 1991. Àwọn méjèèjì gbé ìlú náà níyì, ṣùgbọ́n ẹnubodè ló ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí Sẹ̀mẹ̀ kò sì ṣí padà títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ìyà náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ onírẹsì nìkan. Ó kan awakọ̀, ó kan àwọn tó ń ṣẹ́ owó, ó kan olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, ó kan onílé tí ayálégbé rẹ̀ kò rí owó ilé san. Òfin kan ṣoṣo, tí wọn kò bá ará ìlú náà jíròrò lé lórí, ló dá gbogbo rẹ̀ dúró fún ohun tó lé ní ọdún kan.

Ti ìdílé tí owó rẹ̀ kò ti inú ìlú náà wá yàtọ̀. Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tó wà níbòmíràn, àwọn òbí tí ọmọ wọn ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun: bí ẹnubodè ṣí, bí kò ṣí, owó wọn ń wọlé. Fún irú wọn, ìrọ̀rùn Àgbádárìgì jẹ́ ohun tó yẹ kí wọ́n gbé yẹ̀wò dáadáa.

Omi, ilẹ̀ àti ilé

Ọ̀rọ̀ omi ni àwọn tó ń kó lọ sí ibi méjèèjì kì í béèrè tó.

Orí àpáta líle ayébáyé ni Ìbàdàn jókòó lé, ilẹ̀ rẹ̀ sì ga tó nǹkan bí 200 mítà ju ojú òkun lọ. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi kì í wà káàkiri abẹ́ ilẹ̀. Inú erùpẹ̀ tó bo àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ló ń fara pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí onílé kan fi lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kó kan omi tó dára, tí aládùúgbò rẹ̀ sì gbẹ́ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ tó sì pàdé àpáta gbígbẹ. Kànga ọlọ́wọ́ ń fà lọ sílẹ̀ ní oṣù kejì àti ìkẹta, ní ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Ìdídò Ẹlẹ́yẹlé àti ti Aṣéjìrè tó wà lórí odò Ọ̀ṣun ló ń fún ìlú náà ní omi ẹ̀rọ ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun ni páìpù kò tíì dé. Ẹni tó bá lọ wo ilé ní oṣù kẹsàn-án yóò rí kànga tó kún. Kò tíì rí ilé náà bó ṣe máa ń rí ní oṣù kẹta.

Gíga ilẹ̀ sì ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ rò pé ìlú orí òkè kò lè mọ ìjàǹbá omi. Ìtàn Ìbàdàn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ọkọ̀ àti èèyàn lọ, orúkọ ọdún náà sì di Omíyalé lẹ́nu ará ìlú. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò wákàtí mélòó kan tún wó afárá, ó sì pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tó fà á kò fara sin. Omi orí òkè ń sáré wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n kọ́lé sí ojú ọ̀nà odò, wọ́n da ìdọ̀tí sínú ọ̀gbàrá, afárá sì kéré ju omi tó ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ sí ojú Ògùnpa àti sí àwọn afárá. Síbẹ̀, iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ilé àti odò ṣe pàtàkì fún ìdílé ju iyì orúkọ àdúgbò lọ. Ní Bódìjà pàápàá, ilé kan lè wà láìléwu kí omi sì máa wọ ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà kan náà.

Iyanrìn ni Àgbádárìgì ní tirẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ọ̀sà lọ. Kò ṣòro láti kan omi níbẹ̀. Òjò tó wọ inú iyanrìn máa ń léfòó lórí omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀, nítorí omi aláìníyọ̀ fúyẹ́ jù. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ níwọ̀n, omi tó ṣeé mu ni yóò jáde. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ jìn jù, tàbí tí ẹ̀rọ bá ń fa omi lọ́sàn-án àti lóru láìsinmi, omi iyọ̀ yóò gòkè wá dípò rẹ̀, kànga náà yóò sì bàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ewu kejì ni pé bí omi ṣe súnmọ́ òkè yìí, kòtò tí ìgbẹ́ ilé ń dà sí lè dà pọ̀ mọ́ kànga láìsí ẹni tó mọ̀, pàápàá ní ìgbà òjò. Ibi tí kòtò aládùúgbò wà yẹ ní bíbéèrè kí wọ́n tó sanwó ilé. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju àwọ̀ ọ̀dà ilé lọ fíìfíì.

Atẹ́gùn òkun, tó ń mú kí ọ̀sán Àgbádárìgì tutù ju ti Ìbàdàn lọ ní ìgbà ooru, ń gbé iyọ̀ dání. Páánù lásán ń dógùn-ún kíákíá. Irin ojú fèrèsé, géètì, ìdí ọkọ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Irin inú kọnkéré pàápàá ń wú bó bá ti dógùn-ún, yóò sì la òpó láti inú wá. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé níbẹ̀ ní láti lo páánù alumíníọ́mù, kó fi kọnkéré tó nípọn bo irin, kó sì kọ̀ fún bíríkìlà tó bá fẹ́ fi iyanrìn etí òkun tí wọn kò fọ̀ gé búlọ́ọ̀kù. Owó ìtọ́jú ilé etí òkun kì í tán, kí ìdílé ti fi í sínú ìṣirò wọn. Ọ̀rinrin tún wà: aṣọ inú àpótí ń gba òórùn, ìwé ń rọ̀. Ìbàdàn ní ọyẹ́ tirẹ̀ tó ń la ètè, tó sì ń kó eruku bá ẹni tó ní ikọ́ fée, nítorí náà kò sí ibi tí ojú ọjọ́ kò ti ní tirẹ̀.

Fún àwọn tó fẹ́ ilé létí òkun gan-an, Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ẹ̀rí tí kò yẹ ní gbígbàgbé. Ní 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, ó sì lókìkí fún iṣẹ́ ọwọ́ àti àjùmọ̀ní. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ, títí kan ibi tí àwọn babańlá wọn sùn sí. Àgbádárìgì ní ọ̀sà àti ilẹ̀ Gbẹrẹfú láàárín òun àti òkun, èyí sì jẹ́ ààbò fún un. Síbẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu kí ìdílé fi gbogbo owó tí wọ́n fi ọdún ogún kó jọ ra ilẹ̀ ní bèbè omi, bó ti wù kí ìwòye ibẹ̀ dùn tó.

Ìlera àti ẹ̀kọ́

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí ẹnì kan nínú ìdílé bá ní àìsàn ọkàn, kíndìnrín tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, kò yẹ kí ìjíròrò pẹ́. UCH ní dókítà àkànṣe fún àwọn àìsàn wọ̀nyí, ilé ìwòsàn ìjọba Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu, ilé ìwòsàn aládàáni sì pọ̀. Àgbádárìgì ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba tó ń tọ́jú ibà, tó ń gbẹ̀bí, tó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò le púpọ̀. Àìsàn tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú Èkó ni wọn yóò gbé e lọ, ní ojú ọ̀nà tí apá tó kàn yóò sọ nípa rẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́, Ìbàdàn ní ilé ìwé lóríṣiríṣi, láti ilé ìwé ìjọba tó ti pẹ́ bíi Government College tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 títí dé yunifásítì, tó fi jẹ́ pé ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi kó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé láìkúrò nílùú. Ìtàn ẹ̀kọ́ Àgbádárìgì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Thomas ti bẹ̀rẹ̀ ní 1845. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn girama, ọ̀pọ̀ ọmọ ní láti rìn lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní Ọ̀jọ́ tàbí kí wọ́n jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan wà tí Ìbàdàn kò lè fún ọmọ, tí ó sì yẹ ní gbígbóríyìn fún: ọmọ tó dàgbà ní Àgbádárìgì ń gbọ́ Ègùn àti Yorùbá lójoojúmọ́, ó sì súnmọ́ Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Òbí tó bá mọyì èyí lè tọ́ ọmọ tó lè ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́ láti Èkó dé Àbíjàn láìwá ògbufọ̀.

Ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ tó kó kúrò ní Èkó ṣì ní iṣẹ́, ìjọ tàbí òbí níbẹ̀. Lójú àwòrán ilẹ̀, Àgbádárìgì súnmọ́ Èkó ju Ìbàdàn lọ dáadáa. Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ọkọ̀ Àgbádárìgì ń gbà. Láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀ ẹ́ láti Eric Moore, iṣẹ́ náà sì pẹ́ nílẹ̀ gan-an. Ibùdó àyẹ̀wò kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti ọlọ́pàá tún pọ̀ lójú rẹ̀, nítorí ọ̀nà ẹnubodè ni. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 láàárín Marina àti Mile 2. Okókómáìkò ni ètò rẹ̀ yóò dé, ibẹ̀ sì ṣì jìnnà sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ojú omi wà, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìwọ ẹ̀wù ìléfòó.

Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, ọkọ̀ ojú irin tuntun tó gùn tó 157 kìlómítà láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta dé Moníyà sì ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ẹni tí ọ̀rọ̀ Èkó kàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè gbé Ìbàdàn kó sì rí i ṣe. Ẹni tó ní láti dé Èkó lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ tan ara rẹ̀ jẹ nípa ìlú kankan nínú méjèèjì. Kó dúró sí Èkó kó wá ilé tó súnmọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ rírà àti bíbá ará ìlú gbé

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ló de ibi méjèèjì, ilẹ̀ ẹbí sì ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà. Olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìdílé gbọ́dọ̀ jùmọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí ẹni tó ń ra ilẹ̀ sì mú ìwé wíwọ̀n ilẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba kí kọ́bọ̀ tó jáde. Àgbádárìgì wà lábẹ́ òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 lòdì sí ìwà ọmọ onílẹ̀. Òfin náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kóòtù ń pẹ́, ìbéèrè ṣáájú ló rọrùn jù.

Ní ti ìgbé ayé, àwọn Ègùn Àgbádárìgì ní Àkran, ọba wọn, tí wọ́n ń bọlá fún, wọ́n sì ní Zangbeto tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Àlejò tó bá béèrè ọjọ́ orò lọ́wọ́ baálé àdúgbò, tó sì pa á mọ́, yóò gbé láìsí wàhálà. Ìbàdàn ti gba àlejò láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, èdè rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan.

Ìdájọ́

Ìdílé tó ní ọmọ tó ṣì wà ní ilé ìwé, tí tọkọtaya sì ní láti wá iṣẹ́ níbi tí wọ́n bá kó lọ, Ìbàdàn ló yẹ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé tó ní aláìsàn. Kí wọ́n wá ilé tó jìnnà sí odò, tí omi kànga rẹ̀ kì í gbẹ ní oṣù kẹta. Ìdílé tí owó rẹ̀ ń ti ibòmíràn wọlé, tí ara gbogbo wọn le, tí wọ́n sì ní owó ìtọ́jú ilé lọ́tọ̀, lè lọ sí Àgbádárìgì, kí wọ́n sì gbádùn ibẹ̀ gidigidi. Àwọn tó fẹ́ràn òkun ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ wọn kò tíì dúró, kí wọ́n máa lọ ṣe ọdún níbẹ̀ ná.

Ibi yòówù kí ó jẹ́, kí ìdílé kọ́kọ́ háyà ilé fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó ra ilẹ̀. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ọdún kan yóò fi ẹ̀ẹ̀rùn, òjò àti ọyẹ́ hàn wọ́n, yóò sì fi hàn bóyá ìyàwó rí ọjà tà, bóyá ọmọ rí ọ̀rẹ́, bóyá ìyá àgbà rí oògùn rẹ̀ rà. Kí wọ́n bi ìyá àgbà náà léèrè kí wọ́n tó pinnu, nítorí òun ni yóò wà nílé ní gbogbo ọ̀sán.

  Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù: ìdílé tó bá ti mú oṣù tí yóò kó nínú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ wo ilé náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kí ẹ tó sanwó.